Màmá Làńdìrì àti Àwọn Ẹja Tí Ń Jẹ Ọbẹ̀dò

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni obìnrin tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Màmá Làńdìrì fi fọ aṣọ ibùsùn ní ilé ìwòsàn ńlá. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ ni wọ́n fi ń fọ ìdajì rẹ̀. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ẹ̀rọ mẹ́fà ló ń yí níwájú rẹ̀, òun sì ni ọ̀gá wọn, àti ẹ̀rọ àti ènìyàn. Kò sí ohun tí wọ́n lè dà sórí aṣọ funfun tí kò tíì rí: ẹ̀jẹ̀, oògùn pupa, tíì, ọbẹ̀, àwọn nǹkan mìíràn tí kò yẹ kí n dárúkọ. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló fi ń yẹ iṣẹ́ wò. Á mú aṣọ náà lọ sí ẹnu fèrèsé, á nà án sókè, á jẹ́ kí oòrùn gba inú rẹ̀ kọjá. Bí ojú rẹ̀ bá kan àbàwọ́n tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ, aṣọ náà á padà sínú omi.

Àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin abẹ́ rẹ̀ a máa sọ pé lọ́jọ́ ìdájọ́, Màmá Làńdìrì ni wọn yóò fi sẹ́nu ọ̀nà láti máa yẹ aṣọ àwọn ènìyàn mímọ́ wò, àti pé púpọ̀ nínú wọn ni yóò padà lọ tún tiwọn fọ̀. Ó gbọ́ àwàdà náà. Kò bínú. Ó kàn ní kí ẹni tó dá a lọ tún èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ fọ̀.

Lọ́jọ́ tó fẹ̀yìn tì, wọ́n fún un ní aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì tuntun kan tí wọ́n tẹ orúkọ ilé ìwòsàn sí létí. Ó ká a, ó gbé e sínú àpótí aṣọ, kò tẹ́ ẹ rí. Ọkọ rẹ̀ ti kú tipẹ́. Ọmọ méjì ló bí. Àkọ́bí, obìnrin, jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé gírámà. Pírínsípà ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, nígbà tó sì yá, ìyá tó bí i náà bẹ̀rẹ̀ sí í pè é bẹ́ẹ̀. Àbíkẹ́yìn, ọkùnrin, ń wa ọkọ̀ akẹ́rù.

Àbíkẹ́yìn yìí ló gbé àpótí ẹja wọlé. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó nígbà náà, ìyàwó sì ti sọ pé nínú yàrá kan tí àwọn ń gbé, yálà òun tàbí ẹja.

“Màmá, ọ̀sẹ̀ méjì péré,” ló wí.

Ọdún mẹ́ta nìyẹn.

Gíláàsì ni àpótí náà, ó gùn tó apá àgbàlagbà láti èjìká dé ìka. Ẹja kéékèèké márùn-ún tí ìrù wọn pupa ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú òkúta wẹ́wẹ́, òkúta ńlá kan, ewéko díẹ̀, àti ẹ̀rọ kékeré kan tí ń fi fóòmù sẹ́ omi, tí ń kùn bí ẹni tó sùn dáadáa. Màmá Làńdìrì ní òun ò mọ ohun tí ènìyàn ń fi ẹja tí kò ní jẹ ṣe. Síbẹ̀ ó gbé wọn sórí tábìlì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, níbi tí oòrùn ti ń wọlé jù, nítorí pé ohun tó bá fẹ́ máa rí dáadáa, ẹnu fèrèsé ló mọ̀ pé wọ́n ń gbé e sí. Kò pẹ́ tó fi di pé bó bá ti gbàdúrà òwúrọ̀ tán, á gbé àga sí iwájú wọn, á gbé ife tíì lé orúnkún, á máa wò wọ́n. Á bu oúnjẹ fún wọn. Á tún bù díẹ̀ sí i, torí ó dà bí ẹni pé wọ́n ṣì ń wojú òun.

Díẹ̀díẹ̀ ni ọbẹ̀dò dé, ohun tútù tí ń yọ̀ yẹn, tó ní àwọ̀ ewé, tí ń hù síbi tí omi bá ti ń rí oòrùn. Ó kọ́kọ́ bo òkúta. Ó gun gíláàsì. Màmá Làńdìrì a máa nu iwájú láràárọ̀, níbi tí ojú rẹ̀ ń dé, ó sì ń wo inú omi láti ibẹ̀ bí ẹni tó ń yọjú látinú ọkọ̀ tí kùrukùru bò.

Báyìí ló rí lọ́jọ́ tí Pírínsípà wá kí i. Ó gbé báàgì sílẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó dìde, ojú rẹ̀ sì bọ́ sórí àpótí náà.

“Màmá, kí lẹ tọ́jú sínú omi yìí?”

“Ẹja ni.”

“Níbo?”

Pírínsípà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ẹ̀yìn òkúta ńlá.

“Ọ̀kan ti kú síbí, Màmá. Kò jọ pé òní ló kú. Ẹ ò rí i?”

Màmá Làńdìrì wọ awò ojú rẹ̀, ó lọ síbẹ̀. Òótọ́ ni. Ẹja náà ti wú bí òwú. Òun tó ti rí àbàwọ́n orí abẹ́rẹ́ lára ẹgbàágbèje aṣọ, odindi òkú wà nínú pálọ̀ rẹ̀, kò mọ̀. Ìyẹn ló dùn ún ju ikú ẹja lọ.

Pírínsípà kì í pariwo. Bó bá ń sọ̀rọ̀, á dà bí ẹni pé ó ń ka èsì ìdánwò sí òbí kan létí.

“Lóṣù tó kọjá, ẹ gbàgbé ìkòkò sórí iná. Èyí tún nìyí. N ò dá yín lẹ́bi, Màmá. Ẹ̀yin nìkan lẹ wà nínú ilé yìí. Yàrá kan ṣófo nílé mi. Mo ti kùn ún.”

“Àwọ̀ wo lo fi kùn ún?”

“Funfun.”

“O gbọ́n,” ni ìyá rẹ̀ wí. Ó jókòó. “Ṣùgbọ́n n ò lọ.”

Wọ́n sọ ọ́ síwá, wọ́n sọ ọ́ sẹ́yìn. Níkẹyìn, Pírínsípà ní òun yóò padà wá lọ́jọ́ Sátidé tí ilé-ìwé bá parí táàmù, ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá sí ìgbà náà. Bí gbogbo nǹkan bá wà létòlétò, títí kan àpótí yìí, òun ò ní dárúkọ yàrá mọ́. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kí Màmá di ẹrù.

“Ìdánwò nìyẹn,” ni Màmá Làńdìrì wí.

“Àyẹ̀wò ni, Màmá.”

“Kí ni ìyàtọ̀ wọn?”

“Ìdánwò, ẹ lè gbà díẹ̀ kẹ́ ẹ sì yege.”

Lọ́jọ́ Mọ́ńdé, Màmá Làńdìrì ká apá aṣọ sókè. Ó kó ẹja mẹ́rin tó kù sínú bákẹ́ẹ̀tì. Ó da omi àpótí nù tán pátápátá. Ó se òkúta nínú ìkòkò títí tó fi hó. Ó fi ọṣẹ fọ gíláàsì, ó ṣàn án nígbà mẹ́ta gẹ́gẹ́ bí òfin iṣẹ́ rẹ̀, ó gbé e sí oòrùn. Nígbà tó ṣí ẹ̀rọ tí ń sẹ́ omi, fóòmù inú rẹ̀ dúdú, ó ń yọ̀, ó sì ń rùn bí àpò ìdọ̀tí. Ó ti rí aṣọ tó burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná, ó bo ọṣẹ mọ́ ọn, ó fún un, ó tún un rẹ, títí fóòmù náà fi funfun bí ẹyin, ó sì sá a sórí okùn pẹ̀lú àwọn ìbọ̀sẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, omi tuntun wà nínú àpótí, gíláàsì ń dán débi pé èṣinṣin kan fẹ́ fò kọjá, ó sì forí sọ ọ́. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ọwọ́ tí Ó fún òun.

Lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, omi náà di bíi omi tí wọ́n da wàrà sí. Lọ́jọ́ Jímọ̀ ẹja kan kú. Lọ́jọ́ Sátidé òmíràn tẹ̀ lé e.

Ó pe àbíkẹ́yìn lórí fóònù. Ohùn ọkọ̀ ń dún lẹ́yìn rẹ̀.

“Màmá, ẹ lọ bá bàbá ẹlẹ́ja tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tí ń ṣe ẹ̀dà ìwé. Ẹ ní kó fún yín ní ẹja tí ń jẹ ọbẹ̀dò. Ó wà. Iṣẹ́ tiwọn nìyẹn.”

“Ẹja tí ń fọ ilé?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Làńdìrì ni wọ́n.”

Ìyẹn wù ú gbọ́.

Ṣọ́ọ̀bù ẹlẹ́ja ṣókùnkùn, ó sì lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́. Àpótí gíláàsì tò láti ilẹ̀ dé àjà, ìtànṣán aláwọ̀ búlúù ń ti inú wọn yọ. Bàbá ẹlẹ́ja jókòó sórí bákẹ́ẹ̀tì tó dojú dé, irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun ní ẹ̀gbẹ́ kan ju èkejì lọ. Màmá Làńdìrì wo gíláàsì rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀ kó tó kí i. Iwájú gbogbo wọn mọ́. Ẹ̀yìn gbogbo wọn tutù yọ̀yọ̀.

“Ẹ káàsán, ọ̀gá. Mo fẹ́ ẹja tí ń jẹ ọbẹ̀dò. Èyí tó lágbára jù.”

“Ẹ káàbọ̀, Màmá. Báwo lomi yín ṣe rí?”

Ó ròyìn. Ó sọ ti òkúta tó sè. Ó sọ ti fóòmù, ó sì sọ ọ́ tìgbéraga-tìgbéraga. Bàbá ẹlẹ́ja bo ojú rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ kan.

“Ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́?”

“Ẹ̀ẹ̀mejì.”

“Ẹ sì sá a.”

“Ó gbẹ dáadáa.”

“Màmá, ìdọ̀tí inú fóòmù yẹn kì í ṣe ìdọ̀tí. Òṣìṣẹ́ ni wọ́n. Ohun abẹ̀mí wẹ́wẹ́ tí ojú ò lè rí ni, àwọn ló ń sọ ìgbẹ́ àti ìtọ̀ ẹja di ohun tí kò lè pa wọ́n lára. Ẹ ti fọ gbogbo òṣìṣẹ́ yín dànù. Àwọn ẹja yẹn ń mu májèlé ara wọn ni.”

Màmá Làńdìrì dúró. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́ rí pé kó fi ìdọ̀tí sílẹ̀.

“Ẹ ta ẹja náà fún mi, wọn á tún un ṣe.”

“N ò tà á.”

“Ṣọ́ọ̀bù kọ́ nìyí ni?”

“Ṣọ́ọ̀bù ni. Kì í ṣe ibi ìsìnkú.” Ó dìde, ó bu kinní kan látinú ẹ̀rọ àpótí tirẹ̀, fóòmù dúdú kan tó ń kán tótó, ó fi sínú ọ̀rá pẹ̀lú omi. “Ẹ fi èyí sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiyín. Ẹ má fún un. Ẹ má ṣàn án. Lọ́jọ́ méjìméjì, ẹ bu omi díẹ̀ kúrò, ẹ fi tuntun rọ́pò rẹ̀, omi tó ti dúró mọ́jú. Oúnjẹ, ìwọ̀n tí ìka méjì lè mú, lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́. Ẹ padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.”

“Ọmọ mi ń bọ̀ wá yẹ̀ ẹ́ wò.”

“Kó máa bọ̀.” Ó tún jókòó. “Níbo lẹ gbé àpótí náà sí?”

“Ẹnu fèrèsé.”

“Nítorí kí ni?”

“Kí n lè rí wọn.”

“Ọbẹ̀dò náà ń rí yín,” ni bàbá ẹlẹ́ja wí. “Oòrùn lẹ fi ń bọ́ ọ.”

Màmá Làńdìrì gbé ìdọ̀tí onídọ̀tí relé nínú ọ̀rá bí ẹni tó gbé ohun olóòórùn wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ó fi sínú ẹ̀rọ, ó yí ojú kúrò. Àpótí náà kò ṣeé gbé kúrò lẹ́nu fèrèsé, omi ti wúwo, ẹ̀yìn rẹ̀ kò sì gbà á mọ́. Nítorí náà ó ṣí àpótí aṣọ, ó mú aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n fi sìn ín kúrò níbi iṣẹ́, ó fi ìṣó kàn án sójú fèrèsé. Oòrùn dúró síta. Orúkọ ilé ìwòsàn wà ní ìsàlẹ̀ níbẹ̀, ó dojú dé.

Ẹja méjì tó kù kò kú. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì omi tòrò. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ọbẹ̀dò fẹ́ẹ́rẹ́ kan tún bẹ̀rẹ̀ sí í hàn lẹ́yìn gíláàsì. Ó rí i lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó yọ. Láràárọ̀ ló ń wò ó, ọwọ́ rẹ̀ lórí itan.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ó padà lọ. Lọ́tẹ̀ yìí bàbá ẹlẹ́ja gbé bákẹ́ẹ̀tì mìíràn kalẹ̀ fún un láti jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn ẹja hàn án bí alárinà tó fẹ́ wá ọkọ fọ́mọ ẹlòmíì.

Ó kọ́kọ́ nàka sí ọ̀kan tó lẹ̀ mọ́ gíláàsì, dúdú, tó le bí èèpo igi, ẹnu rẹ̀ sì wà ní abẹ́ bíi ti ìgò tí wọ́n fi ń fa ọmú.

“Èyí ni gbogbo ènìyàn ń rà. Ó ń jẹ ọbẹ̀dò dáadáa nígbà tó bá kéré. Ṣùgbọ́n á gùn ju apá yín lọ. Bó bá sì ti ń jẹun tó náà ni yóò máa yàgbẹ́ tó.”

“Mo ti ní irú rẹ̀ níbi iṣẹ́,” ni Màmá Làńdìrì wí. “Ó ń ṣiṣẹ́ ẹnìkan, ó ń da ìdọ̀tí ẹni mẹ́ta. Ẹ fi í sílẹ̀.”

Ó nàka sí òmíràn tó ní àwọ̀ wúrà, tó dára lójú.

“Èyí náà ń ṣiṣẹ́ lọ́mọdé. Bó bá dàgbà, á fi iṣẹ́ sílẹ̀, á máa lé àwọn tó kù kiri, á máa fa ara wọn mu.”

“Ẹ má sọ èyí tó kù.”

Ìkẹta gùn tẹ́ẹ́rẹ́, ó ní ìlà dúdú kan ní ẹ̀gbẹ́, ó ń sáré lọ sáré bọ̀. Bàbá ẹlẹ́ja ní kò burú, àní ó ń jẹ èyí tó hù bí irun pàápàá, ṣùgbọ́n àpótí Màmá kéré jù fún un, ó sì máa ń fò síta. Màmá Làńdìrì ní òun ò lè máa ṣa ẹja nílẹ̀ lọ́jọ́ orí òun. Ó béèrè nípa ìgbín omi tó ń rọra yí kiri lórí gíláàsì kan, tí ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́ tónítóní bí ojú ọ̀nà.

“Òṣìṣẹ́ gidi nìyẹn,” ni bàbá ẹlẹ́ja wí. “Àbùkù rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé ó ń yé ẹyin funfun tótòtó sórí òkúta. Kì í pa, kì í sì ṣeé họ.”

“Àmì funfun?”

“Kéékèèké.”

“Tí kì í ṣí?”

“Kì í ṣí.”

“Rárá o,” ni Màmá Làńdìrì wí. “Mi ò ní sùn.”

Níkẹyìn bàbá ẹlẹ́ja mú un dé ìdí àpótí kan tó dà bí ẹni pé kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Ó ní kó dúró jẹ́ẹ́. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, ara ewé kan mira. Ẹja ni, kò gùn ju oríkèé ìka méjì lọ, ó ní àwọ̀ ilẹ̀, ìlà dúdú kan ti imú dé ìrù rẹ̀. Òmíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òmíràn wà lára gíláàsì, ikùn rẹ̀ yọ roboto, ẹnu rẹ̀ ń lọ kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́.

“Àwọn wọ̀nyí kì í bá ẹnikẹ́ni jà,” ni bàbá ẹlẹ́ja wí. “Wọn kì í dá gbé, ẹ ní láti mú tó márùn-ún. Ṣùgbọ́n ẹlẹgẹ́ ni wọ́n. Ọbẹ̀dò ni oúnjẹ wọn. Bí ẹ bá nu gbogbo ẹ̀, ebi á pa wọ́n kú. Ẹ nu iwájú, ẹ nu ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ẹ fi ẹ̀yìn sílẹ̀ fún wọn.”

“Kó wà níbẹ̀ bẹ́ẹ̀, ní tútù?”

“Kó wà níbẹ̀.”

Ó wo ẹja náà pẹ́. Ní làńdìrì, àwọn tó gbẹ́kẹ̀ lé jù kì í ṣe àwọn tó ń pariwo iṣẹ́. Àwọn tí ènìyàn ń wá kó tó rí ni, a sì ti rí iṣẹ́ wọn ṣáájú wọn. Ó mú márùn-ún.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó kù lọ. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú àyẹ̀wò, Màmá Làńdìrì gbá ilé, ó fọ ìkòkò, ó nu gíláàsì níwájú àti lẹ́gbẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn náà ó dúró pẹ̀lú aṣọ ìnulẹ̀ tútù lọ́wọ́, ó ń wo ẹ̀yìn àpótí. Ó tutù láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni yóò gbà á. Pírínsípà kì í fara balẹ̀ gbọ́ àlàyé. Nínú ilé-ìwé rẹ̀, àlàyé ni àwọn ọmọ tí kò ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá máa ń ní. Yàrá funfun wà níbẹ̀, ó ń dúró.

“Olúwa, O mọ̀ pé mo lè nù ún,” ló wí jẹ́ẹ́.

Ẹja kékeré kan gun gíláàsì náà níwájú rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, ó ń fi ẹnu gbá a lọ sókè, ipa tóóró kan sì ń là lẹ́yìn rẹ̀, bíi ti áyọ́ọ̀nù lórí aṣọ tó rún. Ìrù rẹ̀ ya díẹ̀ ní apá òsì. Màmá Làńdìrì wò ó títí tó fi dé òkè. Ó lọ fún aṣọ ìnulẹ̀ náà, ó sá a.

Pírínsípà dé ní aago mẹ́wàá gééré. Ó wo ilé ìdáná, ó wo sítóòfù, ó wo fìríìjì. Ó wo aṣọ tí wọ́n kàn mọ́ fèrèsé. Ó wá dé iwájú àpótí ẹja.

“Omi mọ́,” ló wí. “Ẹ̀yìn ńkọ́? Ẹ gbàgbé ẹ̀yìn.”

“N ò gbàgbé. Mo fi sílẹ̀ ni.”

“Màmá.”

“Oúnjẹ ni. Àwọn márùn-ún kan ń jẹ ẹ́. Jókòó kó o kà wọ́n.”

Pírínsípà jókòó sórí àga tí Màmá fi ń mu tíì. Ó ka àwọn onírù pupa méjì, ìyẹn ò le. Ó tẹjú mọ́ gíláàsì. Ó rí ọ̀kan lára ewé. Ó pẹ́ kó tó rí ìkejì. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀.

“Mẹ́ta.”

“Márùn-ún ni.”

“Mẹ́ta ló wà níbẹ̀, Màmá. Méjì ti kú.”

Màmá Làńdìrì kò dìde lórí àga tirẹ̀ ní ìhà kejì pálọ̀. “Ọ̀kan wà lábẹ́ ọ̀pá ẹ̀rọ, ó dojú kọ ògiri. Èkejì wà lẹ́yìn gíláàsì lókè, ní apá ọ̀tún rẹ, ìrù ẹ̀ ya díẹ̀. Kò ní yára jáde o, òun ló lọ́ra jù nínú wọn.”

Pírínsípà bẹ̀rẹ̀ sí abẹ́ ọ̀pá. Ó rí i. Ó wo òkè. Ó wò títí. Ó sún mọ́ ọn débi pé imú rẹ̀ fi àmì sí gíláàsì.

“N ò rí ìrù tó ya kankan.”

“Ó wà níbẹ̀.”

Ẹ̀rọ ń kùn. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ẹja náà ṣí kúrò, ó yí, ìrù rẹ̀ hàn. Pírínsípà jókòó padà. Kò dárúkọ yàrá. Wọ́n jẹun, wọ́n sọ̀rọ̀ àwọn olùkọ́ tí kì í tètè dé, ó fọ àwo tó fi jẹun, ìyá rẹ̀ sì tún un fọ̀ nígbà tó yí ẹ̀yìn.

Lẹ́nu ọ̀nà, Pírínsípà gbé báàgì kọ́ apá.

“Mo ń ronú pé kí n fi yàrá yẹn kó ìwé sí.”

“Ó dára bẹ́ẹ̀.”

“N óò tún yọjú lẹ́yìn ìsinmi, Màmá.”

“Kó o kọ́kọ́ lọ rí dókítà ojú.”

Nígbà tí ohùn ọkọ̀ rẹ̀ ti lọ, Màmá Làńdìrì nu àmì imú kúrò lára gíláàsì. Ó fi ìka méjì bu oúnjẹ fún àwọn onírù pupa. Wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n tún gbójú sókè sí i. Ó na ọwọ́ sínú agolo oúnjẹ wọn, ó rò ó, ó sì dé e.